TA NI ‘A’, TA NI ‘WỌ́N’? ARỌ́PÒ-ORÚKỌ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ AGBẸNUSỌ-MẸ̀KÚNNÙ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ ÀTI Ọ̀NÀ TÍ A LÈ GBÀ DÁ A LÓHÙN

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ní ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2023, ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ yìí wọ ọkọ̀ dáńfó láti Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìkòtún. Ọ̀wọ́n owó bébà wà lóde nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ ti pa igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún náírà láró tuntun. Ti àtijọ́ kò ṣeé ná mọ́, tuntun kò sì kárí. Ìdìbò sípò ààrẹ ti kọjá, ìdìbò sípò gómìnà ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ‘Wọ́n fẹ́ gba Èkó lọ́wọ́ wa. A ò ní gbà.’ Àwọn kan ń mi orí sí i. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sí ẹsẹ̀ wá bi í pé, ‘Ọmọ mi, ta ni wọ́n?’ Ó dáhùn pé, ‘Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.’ Ìyá náà ní, ‘N ò mọ̀ wọ́n o. Ẹni tí kò jẹ́ kí n rí owó mi gbà ní báǹkì ni mo ń wá. Ṣé òun ni wọ́n tí ò ń wí?’ Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí fèrèsé. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ owó ni àwọn èrò ń sọ títí tí a fi dé Ìkòtún.

Ìbéèrè tí ìyá yìí béèrè ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ọ̀kan pàtàkì nínú agbára tí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú kan ní lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà nínú àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké méjì tí a kì í kà sí, èyíinì ni ‘a’ àti ‘wọ́n’. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni agbára náà wà, a jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣèlú ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Yúróòpù. A óò mú díẹ̀ lò nínú ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ni a óò ti mú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé èdè tí a fi tan ènìyàn ni ó yẹ kí a fi là á lójú.

2.0 KÍ NI Ọ̀RỌ̀ AGBẸNUSỌ-MẸ̀KÚNNÙ?

Ohun tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ agbẹnusọ-mẹ̀kúnnù níhìn-ín ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣèlú ń pè ní populism. Margaret Canovan ti kọ odidi ìwé lé e lórí ní ọdún 1981, ó sì fi hàn pé oríṣiríṣi ni. Ní ọdún 2004, Cas Mudde sọ pé kókó rẹ̀ ni pé ó pín ìlú sí ọ̀nà méjì: àwọn ará ìlú tí ọwọ́ wọn mọ́ wà ní apá kan, àwọn ọ̀tọ̀kùlú tí ó ti bàjẹ́ wà ní apá kejì. Ernesto Laclau, ní ọdún 2005, kò kà á sí àìsàn rárá. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà tí ẹ̀dùn ọkàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ń di ohùn kan ṣoṣo ni. Jan-Werner Müller ní tirẹ̀ fi kún un ní ọdún 2016 pé bíbú ọ̀tọ̀kùlú nìkan kò tó láti dá irú olóṣèlú bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé ó ń sọ pé òun nìkan ni òun lè sọ̀rọ̀ fún ará ìlú.

Kókó tí Müller sọ yìí ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ wa. Olóṣèlú tí ó sọ pé ebi ń pa mẹ̀kúnnù kò ṣẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ, ojúṣe rẹ̀ sì ni. Ìgbà tí ó bá fi kún un pé ẹni tí kò bá tẹ̀lé òun kì í ṣe ara mẹ̀kúnnù, tàbí pé kì í ṣe ọmọ ìlú pàápàá, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ di èyí tí a ń yẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ kan láti òkè òkun yóò mú èyí yé wa. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìdá 51.9 nínú 100 ni ó ní kí wọ́n kúrò, ìdá 48.1 ní kí wọ́n dúró. Nígbà tí Nigel Farage ń yọ̀ sí èsì náà, ó pè é ní ìṣẹ́gun fún àwọn ènìyàn gidi. Ó yẹ kí a béèrè pé, kí ni ó wá ku tí a óò pe àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógún tí wọ́n dìbò òdì kejì? Farage kò bú wọn. Ó kàn yọ wọ́n kúrò nínú ‘a’ ni.

3.0 IṢẸ́ TÍ ‘A’ ÀTI ‘WỌ́N’ Ń ṢE

3.1 ‘A’

Gbogbo wa mọ̀ pé arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ ẹni kìn-ín-ní ni ‘a’, àti pé ‘àwa’ ni arọ́pò-afarajorúkọ tí ó bá a dọ́gba. Ohun tí a kì í sábà fiyè sí ni pé èdè Yorùbá kò fi ìyàtọ̀ sí ‘a’ tí olùgbọ́ wà nínú rẹ̀ àti ‘a’ tí olùgbọ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé:

(1) A óò jẹun ní aago méjì.

n kò lè fi gírámà nìkan mọ̀ bóyá kí n dúró jẹun tàbí kí n máa lọ ilé mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo èdè. Nínú Fulfulde tí àwọn Fúlàní ń sọ, ‘en’ ni èmi àti ìwọ tí à ń sọ̀rọ̀, ‘min’ sì ni àwa láìsí ìwọ níbẹ̀. Olóṣèlú tí ó bá ń sọ Fulfulde gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí ó tó lè parí gbólóhùn rẹ̀. Olóṣèlú tí ó ń sọ Yorùbá kò ní irú ìnira bẹ́ẹ̀. Ó lè sọ pé:

(2) A ti jìyà tó.

kí olówó àti tálákà, onílé àti ayálégbé tí ó wà ní orí pápá kí gbogbo wọn gbà pé àwọn ni ó ń bá wí. Nígbà tí ó bá sì sọ pé:

(3) A óò pín in láàrin ara wa.

ó lè jẹ́ pé òun àti ènìyàn mẹ́fà péré ni. Ìyàtọ̀ kò hàn lẹ́nu rẹ̀.

‘A’ mìíràn tún wà, èyíinì ni ‘a’ inú òwe: ‘A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.’ Ẹnikẹ́ni tí ó jẹ́ ènìyàn wà nínú ‘a’ yìí, òfin ìgbésí ayé ni ó sì ń sọ. Olóṣèlú tí ó bá gbọ́n yóò fi ohùn òwe sọ èrò ọkàn tirẹ̀, kí ‘a’ rẹ̀ lè yá ọlá lọ́wọ́ ‘a’ àwọn baba wa.

3.2 ‘Wọ́n’

Iṣẹ́ mẹ́ta ni ‘wọ́n’ ń ṣe. Èkíní, ó ń dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a ti dárúkọ. Èkejì, a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà: ‘Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun.’ Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jùlọ. Yorùbá kò ní irú ìhun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ olùṣe; ‘wọ́n’ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ náà:

(4) Wọ́n ti jí owó mi.

Ẹni tí ó sọ èyí kò mọ olè náà, kò sì mọ̀ bóyá ẹnì kan ni tàbí ènìyàn méjì. Kò sí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn. Bákan náà ni ‘Wọ́n ní òjò yóò rọ̀’. Kò sí ẹni tí a lè mú pé òun ni ó wí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n olóṣèlú wà ni pé yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘wọ́n’ kẹta yìí, yóò sì parí pẹ̀lú èkíní, kò sì ní sọ ibi tí ó ti yí i padà. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí tí a hun láti fi ṣe àpẹẹrẹ:

(5) Wọ́n ti jẹ owó wa.
(6) Wọ́n wà láàrin wa.
(7) Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dìbò.

Ní (5), òótọ́ lè ni: owó ti sọnù, a kò mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ní (7), ‘wọ́n’ ti ní ojú, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti ní ojúlé tí a lè tọ́ka sí. Kò sí gbólóhùn kankan tí ó fi hàn pé ‘wọ́n’ inú (5) ni ‘wọ́n’ inú (7). Etí olùgbọ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Olùsọ̀rọ̀ kò purọ́, nítorí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

4.0 ÀPẸẸRẸ LÁTI INÚ ÌṢÈLÚ ILẸ̀ YORÙBÁ

4.1 Adégòkè Adélabú ní Ìbàdàn

A kò lè sọ ìtàn irú ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa kí a má mẹ́nu ba Adégòkè Adélabú, tí a bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1915. Kì í ṣe púrúǹtù. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Ìbàdàn àti Yaba Higher College, ó sì tẹ ìwé Africa in Ebullition jáde ní ọdún 1952. Síbẹ̀, àwọn tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó di ẹni ọ̀wọ́n fún. Nígbà tí ó lo gbólóhùn peculiar mess nínú àríyànjiyàn òṣèlú, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé e jó ní ‘pẹnkẹlẹmẹẹsì’, ó sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá títí di òní.

Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀, tí ó sì fà mọ́ NCNC, ni Máboláje. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń pàṣẹ pé kí a má ba ọlá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó ń ba ọlá jẹ́. Gbogbo Ìbàdàn ni ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ Action Group ni. Ìjà lórí owó orí, agbára àwọn ìjòyè, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàrin onílùú àti àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti tẹ̀dó síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ inú ‘àwa’ àti ‘àwọn’ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1954, Máboláje borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú, Adélabú sì di alága. Ó di mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1955. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí E. W. J. Nicholson ṣe olórí rẹ̀ bá a wí lórí bí ó ti ń darí ìgbìmọ̀ ìlú, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ṣé èyí mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Rárá o. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1956 kan náà, òun ni olórí alátakò ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ìròyìn ìwádìí tí a kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń sọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò, kò bá ẹni tí ó ti gbà pé ‘wọ́n’ ni ó kọ ọ́ sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958, Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní agbègbè Òde-Rẹ́mọ, nígbà tí ó ń ti Èkó bọ̀. Ìròyìn tàn ká Ìbàdàn pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n pa á. Rògbòdìyàn bẹ́, ilé jóná, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń fi àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké hun láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ó so èso lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni a ń sọ níhìn-ín, kí ó rántí oṣù yẹn.

4.2 ‘Ó tó gẹ́’ ní Kwara

Àpẹẹrẹ kejì yàtọ̀. Láti ọdún 1979 ni Olúṣọlá Sàràkí ti ń sọ ẹni tí yóò jẹ gómìnà ní Kwara. Ó kú ní ọdún 2012, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ Bùkọ́lá ti jẹ gómìnà láti ọdún 2003 sí 2011, ó sì di ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní ọdún 2015. Nígbà tí ìdìbò ọdún 2019 ń bọ̀, gbólóhùn kan gba ìgboro Ìlọrin: ‘Ó tó gẹ́.’ Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì, Bùkọ́lá Sàràkí pàdánù àga sẹ́nétọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, AbdulRahman AbdulRazaq wọlé sípò gómìnà.

Ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa. ‘Ó’ ni olùwà rẹ̀, ‘ó’ yìí kò sì ní ẹni tí ó dúró fún, bí a ti ń sọ pé ‘Ó dàárọ̀’. Kí ni ó tó gẹ́? Olùkọ́ tí kò gba owó oṣù lè fi owó oṣù sí i. Àgbẹ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ lè fi ọ̀nà sí i. Èyí ni Laclau pè ní àmì òfìfo: igbá tí kò ní nǹkan nínú, tí oníkálukú ń gbé ẹ̀dùn tirẹ̀ sí. Ohun méjì ni a rí kọ́. Èkíní, irú ọ̀rọ̀ yìí kì í fi gbogbo ìgbà ṣe ibi. Ìbò ni a fi mú un ṣẹ ní Kwara, ẹni tí ó pàdánù sì gbà bẹ́ẹ̀. Èkejì, igbá òfìfo kì í sọ ohun tí a óò sè. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n jọ pariwo ‘Ó tó gẹ́’ fi pín sí méjì nínú ẹgbẹ́ wọn, nítorí ohun tí wọ́n jọ kọ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn kò tíì jọ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

4.3 ‘Èmi ló kàn’ ní Abẹ́òkúta

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2022, Bọ́lá Ahmed Tinubu bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC sọ̀rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ṣáájú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ náà. Ó sọ níbẹ̀ pé Yorùbá ló kàn, àti pé nínú Yorùbá, òun ló kàn. Lójú gírámà, gbólóhùn akíyèsí alátẹnumọ́ ni méjèèjì. Iṣẹ́ irú gbólóhùn yìí ni láti mú ẹnì kan, kí ó sì yọ àwọn yòókù sílẹ̀: èmi, kì í ṣe ẹlòmíràn. Ìṣísẹ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì ni ó yẹ kí a kíyè sí. Ní àkọ́kọ́, ‘àwa’ ni. Lẹ́yìn náà ó di ‘èmi’. Ẹni tí ó bá ti pàtẹ́wọ́ sí èkíní yóò ṣòro fún un láti má pàtẹ́wọ́ sí èkejì. Ẹ̀tọ́ olóṣèlú ni láti sọ pé ó kan òun. Ẹ̀tọ́ olùgbọ́ náà ni láti yẹ ìṣísẹ̀ náà wò. Ó sì dára pé àwọn ará ìgboro yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́: láàrin oṣù díẹ̀, ‘Èmi ló kàn’ ti di ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń yọ̀, tí àwọn alátakò rẹ̀ sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́.

4.4 Èkó ní ọdún 2023

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tinubu ní 572,606. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò tó ẹgbàárùn-ún. Láàrin ọjọ́ náà àti ọjọ́ 18 oṣù kẹta tí a dìbò gómìnà, ọ̀rọ̀ yí padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ilé-ìwé àti omi ni ó gba ẹnu mọ́, bí kò ṣe ta ni ó ni Èkó. Gbadebo Rhodes-Vivour tí ó ń díje fún ẹgbẹ́ Labour jẹ́ ọmọ ìdílé tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ ní Èkó, ṣùgbọ́n Ìgbò ni ìyá rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá Yorùbá ni rárá. Ní ọjọ́ ìdìbò, àwọn olùwòye, títí kan ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ròyìn pé àwọn jàǹdùkú dẹ́rù ba àwọn olùdìbò ní àwọn ibi kan ní Èkó. Babájídé Sanwó-Olú wọlé pẹ̀lú ìbò 762,134; Rhodes-Vivour ní 312,329.

Iṣẹ́ wa níhìn-ín kọ́ ni láti sọ ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé. Ohun tí ó kàn wá ni ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní àdúgbò bí Alímọ̀ṣọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ní èrò jùlọ ní ìpínlẹ̀ Èkó: ènìyàn 1,277,714. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò tilẹ̀ gba iye yìí. Nínú ìkànìyàn tiwọn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgàǹdó, ó ṣòro láti rí ojúlé tí gbogbo ayálégbé rẹ̀ ti wá láti ìlú kan náà. Ọmọ Èkìtì, ọmọ Anámbra, ọmọ Ẹdó àti Ègùn ń pọn omi nínú kànga kan. Bí ‘wọ́n’ bá ti di aládùúgbò, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí, àti ẹni tí ó ń wí, àti ẹni tí a ń bá wí.

5.0 BÁWO NI A Ó ṢE DÁHÙN?

5.1 Ẹ̀gàn

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé sábà ń gbà ni kí wọ́n fi olùsọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín, tàbí kí wọ́n ta á nù. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù pinnu pé àwọn kò ní bá ẹgbẹ́ Vlaams Blok ṣe ìjọba. Kò wọ ìjọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2004 ó gba ìdá 24.2 nínú 100 ìbò ilé aṣòfin àwọn Flemish. Ìtanù náà ti di ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀ pé ‘wọ́n’ ti gbìmọ̀ pọ̀. Ní ilé wa níhìn-ín, nígbà tí Ayọ̀délé Fáyòṣé ń jẹun lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ará ìlú, tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ikùn sì gba Èkìtì kan ní ọdún 2014, ọ̀pọ̀ alákọ̀wé fi í ṣẹ̀fẹ̀. Nínú ìdìbò ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún náà, a kéde pé ó borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, pẹ̀lú ìbò 203,090 sí 120,433. A mọ̀ pé ẹ̀sùn màgòmágó wà lórí ìdìbò náà. Síbẹ̀, ẹni tí ebi ń pa kì í gba ẹ̀fẹ̀ lórí ebi. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

5.2 Àfarawé

Ọ̀nà kejì ni kí àwọn olóṣèlú yòókù gba ọ̀rọ̀ náà sọ, tàbí kí wọ́n gba olùsọ̀rọ̀ náà mọ́ra, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ní Austria, ẹgbẹ́ FPÖ gba ìdá 26.9 nínú 100 ìbò ní ọdún 1999. A mú un wọ ìjọba ní ọdún 2000, nígbà tí ó sì di ọdún 2002, ìbò rẹ̀ ti já sí ìdá 10. Àwọn kan rò pé oògùn ti jẹ́ nìyẹn. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ kan náà gba ohun tí ó lé ní ìdá 28, ó sì ṣe ipò kìn-ín-ní. Ẹgbẹ́ lè jó rẹ̀yìn, kí ‘a’ àti ‘wọ́n’ tí ó fi kọ́ ìlú sì wà níbẹ̀ kí ó máa dúró de ẹni mìíràn.

5.3 Ìbéèrè

Ọ̀nà kẹta ni ti ìyá inú dáńfó, a sì lè pín in sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta.

Ìkíní ni pé kí a béèrè orúkọ. ‘Ta ni wọ́n?’ Ìbéèrè yìí ń dá ‘wọ́n’ padà sí ipò kẹta tí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí a kò ti mọ olùṣe. Ẹni tí a bi í gbọ́dọ̀ dárúkọ, kí a lè yẹ ẹ̀rí wò, tàbí kí ó dákẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ìyá náà kò pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òpònú. Ó pè é ní ọmọ òun, èyí tí ó fi í sínú ‘a’ tirẹ̀ kí ó tó bi í léèrè.

Ìkejì ni pé kí a gba ìyà tí ó wà níbẹ̀ gbọ́, kí a sì sọ iye rẹ̀. Ohun tí ó ń dun gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà ni owó bébà tí kò sí, kì í ṣe ẹni tí ó ni Èkó. Àṣẹ tí ó fa ọ̀wọ́n náà ní orísun tí a mọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ pàápàá dá a lẹ́jọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ìyà tí ó ní orísun ni a yí padà sí ìbínú tí kò ní orísun. Ètè nìyẹn tí a fi sílẹ̀, tí a ń pa làpálàpá.

Ìkẹta ni pé kí a ní ‘a’ tiwa láti sọ. Ẹni tí ó bá kàn sọ pé ‘má ṣe pín wa’ kò tíì fún ènìyàn ní ibi tí yóò dúró sí. Ìtàn Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀ Ìkòtún, Ìgàǹdó àti Ẹgbẹ́dá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tiwọn sọ pé Olófin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo lé orí omi, ó sì ń tẹ̀lé e títí tí àwo fi rì. Láti inú ‘àwo ti rì’ ni orúkọ wọn ti wá. Onílẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá ń fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé òun rin ìrìn àjò dé ibẹ̀ ni. Èyí kò gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ Àwórì; ó kàn ń fi hàn pé ‘a’ tí ó gba àlejò wà nínú àṣà, kì í ṣe ohun tí a yá láti òkè òkun.

5.4 Ibi tí ìbéèrè mọ, àti ọ̀rọ̀ nípa ‘a’ tiwa

A kò fẹ́ sọ pé ìbéèrè lè ṣe ohun gbogbo. Ìbéèrè kò lè dá jàǹdùkú dúró ní ẹnu ibùdó ìdìbò. Iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí igi tó dé ọwọ́ jàǹdùkú, ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní gbé igi láéláé, tí wọ́n sì dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni ìbéèrè wà fún.

Ó yẹ kí a tún yíjú sí ara wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí ni a ti ń sọ pé ‘a rí i’, ‘a gbà’, ‘èrò wa ni pé’. Ta ni ‘a’ yìí? Ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ ọ́. Bákan náà ni a máa ń sọ nínú yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ‘àwọn mẹ̀kúnnù kò mọ̀wé, wọ́n ń tàn wọ́n jẹ’. ‘Wọ́n’ méjì ni ó wà nínú gbólóhùn yẹn, a kò sì dárúkọ ọ̀kankan. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, a ti fún olóṣèlú ní ẹ̀rí tí ó ń wá: pé àwọn kan wà níbì kan tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń wo àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹran. Ìyá olótòmátì kò ka ìwé Laclau, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ ẹni tí ó kọ iṣẹ́ yìí ní ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

6.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ agbẹnusọ-mẹ̀kúnnù ní ilẹ̀ Yorùbá ń lo àlàfo méjì tí ó wà nínú èdè wa: ‘a’ tí kò sọ bóyá olùgbọ́ wà nínú rẹ̀, àti ‘wọ́n’ tí kò sọ ẹni tí ó ṣe é. Àlàfo méjèèjì kì í ṣe àbùkù fún èdè Yorùbá. Àwọn náà ni a fi ń kí àgbà, tí a fi ń pa òwe, tí a sì fi ń gba àlejò sílé. A ti rí i pé ó tú Ìbàdàn ká ní ọdún 1958, pé ó yí ìjọba padà ní ìrọ̀rùn ní Kwara ní ọdún 2019, àti pé ó sọ aládùúgbò di àjèjì ní Èkó ní ọdún 2023. Ẹ̀gàn kò pa á, àfarawé kò pa á.

Ohun tí a dábàá kò tóbi. Kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé girama ní arọ́pò-orúkọ má dúró sí orí ẹni kìn-ín-ní, ẹni kejì àti ẹni kẹta. Kí ó gbé ọ̀rọ̀ olóṣèlú kan, ti ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, sí ojú pátákó, kí ó fa igi sí abẹ́ gbogbo ‘a’ àti ‘wọ́n’ inú rẹ̀, kí ó sì ní kí àwọn ọmọ kọ orúkọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti rí orúkọ kọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti béèrè.